Kí Ẹ Tó Sanwó Ilẹ̀: Bí Òfin Ilé Kíkọ́ Ṣe Ń Pinnu Ibi Tí Ẹ Lè Kọ́lé Sí àti Irú Ilé Tí Ẹ Lè Kọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé ni ó máa ń kọ́kọ́ ra ilẹ̀, tí ó máa ń wá ayàwòrán ilé lẹ́yìn náà, tí ó sì jẹ́ pé ìgbà tí àwòrán bá ti parí ni ó tó ń béèrè ohun tí òfin sọ. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni wọ́n fi ṣe ìgbẹ̀yìn yẹn. Kí ayàwòrán tó fa ìlà kìíní sórí bébà, òfin ti fa tirẹ̀: ó ti sọ bí ilé yóò ṣe jìnnà sí ojú ọ̀nà tó, bí yóò ṣe ga tó, iye ìdílé tí ó lè gbé inú rẹ̀, bí fèrèsé yóò ṣe tóbi tó, àti nígbà mìíràn, irú ohun tí a lè fi bo ara rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù fún ayàwòrán ni kí ó dárà sí inú àyè tí òfin bá ṣẹ́kù. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí kò tíì sanwó ilẹ̀, tàbí ẹni tí ó ti sanwó ṣùgbọ́n tí kò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ní òfin tirẹ̀, iye tí wọ́n sì kọ sínú wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ohun tí òfin ń fẹ́ mọ̀ nípa ilé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn.

Oríṣi òfin mẹ́ta ni ó máa ń dé lé ilẹ̀ kan ṣoṣo lórí, ó sì yẹ kí a mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Èkíní ni òfin ètò ìlú, tí ó ń sọ ohun tí a lè fi ilẹ̀ ṣe àti ìwọ̀n ohun tí a lè kọ́ sórí rẹ̀. Èkejì ni òfin ilé kíkọ́ gan-an, tí ó ń sọ bí ògiri, òpó, àtẹ̀gùn, wáyà iná àti páìpù omi yóò ṣe rí kí ilé náà má baà wó, kí ó má baà jóná mọ́ ènìyàn lórí, kí ó má sì kó àìsàn bá àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àdéhùn tí ó wà nínú ìwé ilẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí ẹni tí ó kọ́kọ́ pín ilẹ̀ náà tà lè ti kọ síbẹ̀ kí a tó bí ẹni tí ó ń rà á lónìí. Ilé lè yege nínú ọ̀kan kí ó sì kùnà nínú èkejì, ìdí nìyẹn tí ìdáhùn “kò sí wàhálà” láti ọ́fíìsì kan kò fi tó.

Kò sí èyí tí ó ṣàdédé wáyé nínú àwọn òfin wọ̀nyí. Ní nǹkan bí 3,700 ọdún sẹ́yìn, òfin Hammurabi ní Bábílónì ti sọ pé bí ilé bá wó pa ẹni tí ó ni ín, wọn yóò pa ẹni tí ó kọ́ ọ. Ìwé Diutarónómì pàápàá ní kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun mọ ìgànná yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ènìyàn má baà já bọ́ láti orí rẹ̀. Lẹ́yìn tí iná jó nǹkan bí 13,200 ilé ní London ní ọdún 1666, òfin ọdún 1667 ní bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n máa fi mọ ògiri òde, kì í ṣe pákó mọ́. Òfin kan náà pín ilé sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí wọ́n dojú kọ: àjà méjì ní ojú ọ̀nà kékeré, mẹ́ta ní òpópónà tí ó jọjú, mẹ́rin ní àwọn òpópónà ńláńlá. Láti ìgbà náà ni ibi tí ilé wà ti ń sọ bí ilé yóò ṣe ga tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún

Ẹ mú àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀ náà, èyí tí ẹni tí ń wọn ilẹ̀ fọwọ́ sí, lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú tí ó ni àdúgbò náà. Àdírẹ́sì nìkan kò tó, nítorí pé ààlà láàárín ìpín kan àti òmíràn lè gba àárín òpópónà kan náà kọjá, kí ohun tí wọ́n gbà láyè ní apá ọ̀tún má sí láyè ní apá òsì. Ẹ béèrè bóyá ilé gbígbé ni wọ́n ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún, àbí iṣẹ́ ọwọ́, ọjà tàbí oko. Bí ó bá jẹ́ ilé gbígbé, ẹ béèrè bóyá ìdílé kan ṣoṣo ni ó lè gbé inú ilé tí a bá kọ́ síbẹ̀, àbí a lè kọ́ fúláàtì bíi mélòó kan. Ẹ béèrè ìwọ̀n ilẹ̀ tí ó kéré jù lọ tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé: ǹjẹ́ wọ́n ń tún ètò àdúgbò náà ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́?

Ọgbọ́n pípín ìlú báyìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ọdún 1916 ni New York ṣe òfin tí ó pín gbogbo ìlú náà sí àgbègbè ilé gbígbé, àgbègbè òwò àti àgbègbè tí kò ní ìdíwọ́. Ní ọdún 1926, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbé abúlé Euclid ní ìpínlẹ̀ Ohio láre lórí ẹni tí ó ní ilẹ̀ níbẹ̀ tí ó sì sọ pé òfin ìpín náà ti dín iye owó ilẹ̀ òun kù. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ìlú ní orílẹ̀-èdè yẹn ti ń lo irú òfin bẹ́ẹ̀. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni ìlú ńlá tí a mọ̀ pé kò ní i, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tí ó wuni ni a lè kọ́ níbẹ̀: àdéhùn inú ìwé ilẹ̀, irú ẹ̀kẹta tí mo mẹ́nu bà lókè, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi níbí. Òfin tí ó ní ilé ìdílé kan ṣoṣo ni kí ó wà lórí ilẹ̀ ńlá kì í ṣe òfin ààbò. Òfin tí ń yan aládùúgbò fún ni. Bí ìwọ̀n ilẹ̀ tí ó kéré jù lọ bá pọ̀, ẹni tí owó rẹ̀ kò ká a yóò kọjá lọ sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí òfin kò dé tàbí tí kò ti lágbára, yóò sì kọ́lé sí ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé. Nígbà náà, òfin tí ó yẹ kí ó dáàbò bo ènìyàn ti lé wọn sínú ewu. Àwọn ìlú kan ti rí i bẹ́ẹ̀: ìgbìmọ̀ ìlú Minneapolis fọwọ́ sí ètò kan ní ọdún 2018 tí ó jẹ́ kí a lè kọ́ ilé tí ìdílé mẹ́ta lè gbé sórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìdílé kan tẹ́lẹ̀. Ẹ má kàn gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì gbàgbé pé òfin tí ó wà lónìí ni wọn yóò fi yẹ ìwé yín wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo ohun tí ó gba orí ilẹ̀, abẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá

Ẹ rin ilẹ̀ náà yíká pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́. Bí wáyà iná alágbára ńlá bá kọjá lórí rẹ̀, bí páìpù epo tàbí ti gáàsì bá gba abẹ́ rẹ̀, bí odò tàbí ojú àgbàrá bá wà nítòsí, òfin yóò ti ya àyè kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́ ohunkóhun sí, àyè náà sì lè jẹ ìdajì ilẹ̀ náà. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ń ta ilẹ̀ gbọ́ pé omi kì í dé ibẹ̀. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tí ó ti wà ní àdúgbò náà fún ipa omi, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ìjọba fún àwòrán ibi tí ẹ̀kún omi máa ń dé. Níbi tí wọ́n bá ti gbà kí a kọ́lé sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń béèrè pé kí ilẹ̀ yàrá ìsàlẹ̀ ga ju ibi tí omi lè dé lọ, ìyẹn sì ni pé ìpìlẹ̀ nìkan yóò jẹ owó púpọ̀ kí ilé tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó dé ilẹ̀ náà ṣe pàtàkì tó ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Jàpáánì ni àpẹẹrẹ tí ó yé mi jù lọ. Níbẹ̀, ní àwọn àgbègbè tí ètò ìlú dé, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ojú ọ̀nà tí ó fẹ̀ tó mítà 4, ibi tí ó ti kàn án sì gbọ́dọ̀ tó mítà 2, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní fọwọ́ sí ilé tuntun lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ tí kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ tún ilé kọ́ yóò fà sẹ́yìn títí ààlà rẹ̀ yóò fi jẹ́ mítà 2 sí àárín ọ̀nà náà. Bí ilé kọ̀ọ̀kan ti ń dàgbà tí wọ́n sì ń wó o tún kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà náà ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú katakata wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ilé àtijọ́ tí ó wà lórí ilẹ̀ tí kò kan ọ̀nà dáadáa yóò wá rí i pé òun lè gbé inú ilé náà, òun kò sì lè tún un kọ́. Níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ béèrè bóyá ọ̀nà tí ẹ rí lójú jẹ́ ọ̀nà lójú òfin.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣírò àyè tí ó kù kí ẹ tó dúnàádúrà

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ sí, nítorí pé ìṣirò tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ yìí ni ó máa ń fi ohun tí ẹ ń rà gan-an hàn yín. Ẹ kò nílò ayàwòrán fún un. Bébà, bírò àti iye tí ẹ gbà ní ọ́fíìsì ètò ìlú ti tó.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà 15 tí ó sì gùn ní mítà 30, èyí tí í ṣe mítà 450 níbùú lóròó. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé òfin àdúgbò náà ní kí a fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú, mítà 3 lẹ́yìn, àti mítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ mítà 6 kúrò nínú 15, ó ku 9. Ẹ yọ mítà 9 kúrò nínú 30, ó ku 21. Àyè tí ilé lè dúró sí ti di 9 sí 21, ìyẹn mítà 189 níbùú lóròó. Ṣùgbọ́n òfin mìíràn lè wà tí ó ní ilé kò gbọ́dọ̀ bo ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ lọ, ìdá 40 nínú 450 sì jẹ́ 180. Èyí tí ó kéré nínú méjèèjì ni ẹ ó tẹ̀ lé, nítorí náà 180 ni tiyín.

Ó tún ku bí ilé ṣe lè ga tó. Ká ní wọ́n fi òpin sí gíga ní mítà 9, tí wọ́n sì ní àpapọ̀ ilẹ̀ inú ilé láti ìsàlẹ̀ dé òkè kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ, ìyẹn 450. Bí àjà kọ̀ọ̀kan bá gba mítà 3 pẹ̀lú dẹ́kìn rẹ̀, ó dà bí ẹni pé àjà mẹ́ta yóò wọlé. Ìsàlẹ̀ 180, àjà kejì 180, àpapọ̀ wọn di 360. 90 péré ni ó ṣẹ́kù fún àjà kẹta, ìyẹn ìdajì. Bí ẹ bá rí ilé tí àjà òkè rẹ̀ fà sẹ́yìn tí wọ́n fi àyè tí ó ṣẹ́kù ṣe gbàgede, ẹ má tètè rò pé ẹwà ni ayàwòrán ń wá, irú ìṣirò yìí lè ti lé e débẹ̀. Bí òrùlé bá sì jẹ́ onígun, tí òfin sì ń wọn gíga dé ṣóńṣó rẹ̀, àjà kẹta náà ti lọ pátápátá.

Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n gíga àti ibi tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n dé. Ní Paris àtijọ́, ibi tí ògiri ti pàdé òrùlé ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n dé, nítorí náà àwọn onílé sọ inú òrùlé di ibùgbé, wọ́n ṣí fèrèsé sí i, òrùlé tí ó dagun bí ògiri sì di ohun tí gbogbo ayé fi ń dá ilé ìlú náà mọ̀. Ní New York, òfin ọdún 1916 ní bí ilé bá ti ga dé ibì kan, kí ó máa fà sẹ́yìn kúrò lójú pópó bí ó ti ń lọ sókè, kí oòrùn lè dé ìsàlẹ̀. Ilé alájà gíga wọn sì ń rí bí àtẹ̀gùn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ tún ìṣirò ti ìṣáájú ṣe fún ilẹ̀ tí ó wà ní igun ọ̀nà. Ojú méjì ni ó ní, ọ̀pọ̀ òfin sì ní kí a fi àyè iwájú sílẹ̀ ní ojú méjèèjì. 15 yọ 6 yọ 3 jẹ́ 6. 6 sí 21 jẹ́ 126. Nínú 189 tí a ní lẹ́ẹ̀kan, 63 ti lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta gééré. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ igun ni àwọn tí ń ta ilẹ̀ máa ń bu owó lé. Mo ti jókòó pẹ̀lú ẹni tí ó ti sanwó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀, tí ó sì mú àwòrán ilé tí ó wà lórí ilẹ̀ àárín wá pé kí wọ́n kàn gbé e sórí tirẹ̀. Nígbà tí a fi rúlà wọ̀n ọ́n, yàrá méjì àti ààbọ̀ pálọ̀ wà nínú àyè tí òfin ní kí ó ṣófo. Ilé náà kò burú, ilẹ̀ náà kò sì burú. Wọn kàn kò bára mu ni.

Mọ́tò ni ó kẹ́yìn ìṣirò náà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ fúláàtì mẹ́rin, tí òfin sì béèrè àyè mọ́tò kan àti ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àyè mọ́tò mẹ́fà ni ẹ ó fi sílẹ̀. Àyè tí mọ́tò kan yóò dúró sí lè jẹ́ mítà 2.4 sí 4.8, ṣùgbọ́n bí a bá fi ibi tí yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò ti yí kún un, ó di nǹkan bíi mítà 25 níbùú lóròó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí ilẹ̀ wa àkọ́kọ́, bí ẹ bá yọ 180 tí ilé bò kúrò nínú 450, 270 ni ó kù. Mọ́tò gba 150. 120 tí ó kù ni sọkawé, ojú omi, ọ̀nà ẹsẹ̀ àti koríko yóò pín. Ní ọ̀pọ̀ ibi, mọ́tò ni ó ń pinnu iye ìdílé tí yóò gbé lórí ilẹ̀, kì í ṣe yàrá. Ó dùn mọ́ mi nínú pé àwọn ìlú kan ti ń yọ òfin yìí kúrò, nítorí n kò rí ìdí tí a ó fi fi dandan pèsè ilé fún mọ́tò níbi tí ènìyàn kò ti rílé gbé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ irú ìpìlẹ̀ tí yóò gbà

Kí ẹ tó fún ayàwòrán láṣẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà yẹ̀ wò. Yanrìn, amọ̀ tí ń wú nígbà òjò tí ó sì ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àkúrọ̀ tí wọ́n fi ìdọ̀tí kún: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìpìlẹ̀ tí ó bá a mu, òfin sì sábà máa ń béèrè ìwé àyẹ̀wò náà bí ilé bá ti kọjá àjà kan tàbí méjì. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àyẹ̀wò ilẹ̀ ni ó ń sọ bóyá itọ́ ni àbí amọ̀.

Ewu tí ó wọ́pọ̀ ní agbègbè yín ni yóò tún pinnu bí òfin yóò ṣe le tó. Ní Jàpáánì, wọ́n tún òfin ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe ní ọdún 1981, títí di òní sì ni àwọn tí ń ra ilé níbẹ̀ ń béèrè bóyá ṣáájú ọdún yẹn ni wọ́n kọ́ ọ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 2010, ilẹ̀ mì ní Haiti ní oṣù kìíní, ó sì tún mì ní Chile ní oṣù kejì. Ti Chile lágbára ju ti Haiti lọ fíìfíì ní ti ìwọ̀n, 8.8 sí 7.0, ṣùgbọ́n Haiti ni ẹ̀mí ti ṣòfò jù lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ti Haiti súnmọ́ olú-ìlú gan-an, òótọ́ ni, àmọ́ Chile ti ń fi òfin ilé kíkọ́ múlẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, ilé tí ó wó ní Haiti sì pọ̀ tí kò ní irin tí ó tó nínú òpó rẹ̀. Ní Florida, ìjì Andrew ti ọdún 1992 ni ó mú kí wọ́n tún òfin kọ láti orí bí a ṣe ń so òrùlé mọ́ ògiri dé orí gíláàsì fèrèsé. Bí ẹ bá ń kọ́lé níbi tí ìjì ti ń jà, ẹ má bínú bí ẹni tí ń yẹ ilé wò bá ń ka ìṣó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi òfin inú ilé wo àwòrán náà yàrá sí yàrá

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, nítorí pé òun ni ó máa ń jẹ àyè jù lọ láìjẹ́ pé a fura. Bí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ sí ilẹ̀ òkè bá jẹ́ mítà 3, tí òfin sì ní ìgbésókè kan, ìyẹn gíga láti ibi ìtẹ̀sẹ̀ kan sí èkejì, kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 175 lọ, 3,000 pín sí 175 jẹ́ 17 àti díẹ̀, nítorí náà ìgbésókè 18 ni ẹ ó ṣe. Ibi tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ jẹ́ 17, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì jẹ́ mìlímítà 250, àtẹ̀gùn náà yóò nà tó mítà 4.25, kí a tó ka ibi ìdúró òkè àti ìsàlẹ̀. Ní England, òfin gba ìgbésókè tí ó tó mìlímítà 220 nínú ilé àdáni, bí àtẹ̀gùn náà kò bá ti dagun ju dígírì 42 lọ. Níbẹ̀, àtẹ̀gùn fún gíga kan náà lè dín sí nǹkan bíi mítà 3.1. Mítà kan ó lé díẹ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì yìí lè jẹ́ ilé ìwẹ̀ kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn fèrèsé. Ní Jàpáánì, ọjọ́ pẹ́ tí òfin ti ń béèrè pé kí fèrèsé tí ń mú ìmọ́lẹ̀ wọ yàrá tó ìdá kan nínú méje ilẹ̀ yàrá náà. Yàrá tí ó jẹ́ mítà 12 níbùú lóròó yóò nílò fèrèsé 1.71, èyí tí ó jẹ́ 1.2 sí 1.2 kò tó, èyí tí ó jẹ́ 1.5 sí 1.2 sì tó. Ẹ má sì wá ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gba ẹ̀yìn òfin. Ní ọdún 1879, New York ní kí yàrá inú ilé háyà ní fèrèsé tí ó ṣí sí ìta. Àwọn onílé gbẹ́ ihò tóóró láàárín ilé méjì, wọ́n ṣí fèrèsé sí i, wọ́n ní àwọn ti ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀ ihò náà, àwọn ènìyàn ń da ìdọ̀tí sí i láti òkè, bí iná bá sì sọ, ihò náà ni ó ń gbé e láti àjà kan dé òmíràn. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣe òfin mìíràn tí ó béèrè àgbàlá tí ó fẹ̀.

Ní ti iná, ohun tí ẹ ó béèrè nípa yàrá kọ̀ọ̀kan ni pé: bí ẹnu ọ̀nà bá ń jó, ibo ni ẹni tí ó sùn síbí yóò gbà jáde? Òfin tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò ní Amẹ́ríkà fẹ́ kí fèrèsé yàrá ìbùsùn ṣí tó mítà 0.53 níbùú lóròó, kí àgbàlagbà lè gba ibẹ̀ kọjá, bí irin ààbò bá sì wà lójú fèrèsé náà, ó gbọ́dọ̀ ṣe é ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́. Mo ka òfin yìí sí ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe yálà wọ́n béèrè rẹ̀ tàbí wọn kò béèrè. Fún ilé gíga, ohun tí ẹ fi bo ara ògiri lóde ṣe kókó bákan náà. Ènìyàn 72 ni ó kú nínú iná tí ó jó Grenfell Tower ní London ní oṣù kẹfà ọdún 2017, nítorí pé ohun tí wọ́n fi bo ara ilé náà nígbà àtúnṣe ń gbaná. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018 ni England fi òfin de ohun tí ń gbaná lára ògiri òde ilé gbígbé tí ó ga tó mítà 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gba ìwé àṣẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ iṣẹ́ wò kí ẹ tó bò ó

Ìwé tí wọn yóò béèrè kò ju ìwé ilẹ̀, àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀, àwòrán ilé, ìṣirò ẹnjiníà àti ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ wo ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò parí, nítorí pé kì í wà títí láé. Bí ẹ bá sì yí ohunkóhun padà lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, ìbáà ṣe fèrèsé kan tàbí yàrá kan, ẹ dá àwòrán náà padà fún wọn kí bíríkìlà tó fọwọ́ kàn án.

Àkókò tí àyẹ̀wò ṣe pàtàkì jù lọ ni ìgbà tí nǹkan kò tíì bò: kòtò ìpìlẹ̀ kí kọnkéré tó wọ̀ ọ́, páìpù kí erùpẹ̀ tó bò ó, irin dẹ́kìn kí wọ́n tó dà á. Ẹ gun orí pákó dẹ́kìn náà lọ́jọ́ tí ó ku ọ̀la kí wọ́n dà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ojú wo abẹ́ irin. Bí irin bá sùn lé pákó gbalaja, kọnkéré kò ní lè wọ abẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ àti omi yóò sì máa jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀là kọnkéré kéékèèké, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bísíkíìtì, ni ó yẹ kí ó gbé e sókè. Ẹ fi tépù wọn àyè tí ó wà láàárín irin kan àti èkejì, kí ẹ fi í wé iye tí ẹnjiníà kọ sínú àwòrán. Nígbà tí wọ́n bá ń dà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n bu díẹ̀ nínú kọnkéré náà sínú àpótí irin onígun mẹ́rin tí ó jẹ́ mìlímítà 150 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Wọn yóò fọ́ àwọn kan nínú rẹ̀ nínú ẹ̀rọ ní ọjọ́ keje, wọn yóò fọ́ ìyókù ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, láti mọ bí agbára rẹ̀ ti tó.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí òfin kan bá dínà mọ́ yín, ẹ gba ọ̀nà tí ó tọ́

Ilẹ̀ mìíràn wà tí kò ṣe déédéé: ó rí bí ìgbá àgbẹ́kù, ó dagun, tàbí ó tóóró débi pé bí ẹ bá fi gbogbo àyè sílẹ̀, kò ní ku ibi tí bẹ́ẹ̀dì yóò gbà. Ọ̀pọ̀ òfin fi àyè sílẹ̀ fún ìyọ̀ǹda nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn yóò fẹ́ gbọ́ ni ìṣòro tí ó wà lára ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Pé owó kò tó, tàbí pé ẹ fẹ́ yàrá kan sí i, kì í sábà wọ̀ wọ́n létí. Wọn yóò fi tó àwọn aládùúgbò létí, nítorí náà ó dára kí ẹ̀yin fúnra yín ti lọ bá wọn pẹ̀lú àwòrán náà kí ìwé ìjọba tó dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ má kọ́ ọ tán kí ẹ tó lọ tọrọ ìyọ̀ǹda. Ní ibi tí òfin bá ti lágbára, wọ́n lè ní kí ẹ wó o, owó wíwó náà sì máa wà lọ́rùn yín.

Bí ilé àtijọ́ ni ẹ rà, ó lè jẹ́ pé ó ṣáájú òfin tí ó wà lónìí, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Ẹ ṣọ́ra fún àfikún. Ní ibi púpọ̀, bí ẹ bá ti fi yàrá kan kún un tàbí tí ẹ bá ti yí ìlò rẹ̀ padà, òfin tuntun lè bẹ̀rẹ̀ sí í mú odindi ilé náà, láti orí àtẹ̀gùn dé orí wáyà iná. Ẹ béèrè èyí ní kíkọ, kí ẹ sì gba èsì ní kíkọ.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé ilé náà ti yẹ fún gbígbé kí ẹ tó kó ẹrù wọlé. Ẹ kó o pa mọ́ pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí, èsì àyẹ̀wò kọnkéré, àti fọ́tò páìpù àti wáyà tí ẹ yà kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, pẹ̀lú tépù nínú fọ́tò náà kí ìwọ̀n lè hàn. Ẹni tí yóò lu ihò sí ògiri yẹn ní ọdún mẹ́wàá sí i yóò wá fọ́tò náà kí ó tó wá òòlù.